Ọkọ̀ Tí Mo Yàn fún Raysha

Èmi ni mo yan ọkọ̀ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kádàrá ni, ẹ dá a lóhùn pé èmi Aflan fúnra mi ní irọ́ ni. Ọlọ́run gbé ọkọ̀ mẹ́ta síwájú mi, ó fún mi ní ojú méjì láti fi wò wọ́n, ẹnu ni mo fi yàn.

Raysha lorúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, Dasin àbúrò mi obìnrin ló bí i. Ní Tamanrasset níbí, láàrin àwa ọmọ Ahaggar, ọmọ tí arábìnrin ẹni bí súnmọ́ ni ju ọmọ tí a bí fúnra ẹni lọ. Àwọn àgbà wa máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ìyàwó ẹni lè jẹ́ ti aládùúgbò, ṣùgbọ́n ọmọ arábìnrin ẹni, ẹ̀jẹ̀ ìyá ẹni ni, kò sí àríyànjiyàn. Èmi ni mo fún Raysha ní ewúrẹ́ tó kọ́kọ́ ní. Bó bá ṣe agídí, bàbá rẹ̀ kì í nà án, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Mo fẹ́ràn ọmọ náà dé ibi tí mo rò pé èmi ni mo ni ín.

Ibà kan ló mú un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ibà náà lọ, ó fi àléébù sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Bó bá rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí ẹ̀rọ omi, á jókòó, á gbé ọwọ́ lé àyà, á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jí ṣúgà. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ pẹ́ mọ́. Wọ́n ti ń retí rẹ̀ ní Algiers láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó kìlọ̀ pé kí a má jẹ́ kí ooru mú un lọ́nà, kí ó máa fẹ̀yìn lélẹ̀, kí a gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Bàálù ti kún títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀nà ilẹ̀ ló kù, kìlómítà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹgbàá, aṣálẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, a jókòó sí àgbàlá Dasin láti yan ohun tí yóò gbé e. Bọ́ọ̀sì ńlá kan wà tó ń lọ sí àríwá lójoojúmọ́. Dasin kò tilẹ̀ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ó ní ọmọ òun kò lè jókòó ṣánṣán fún wákàtí ọgbọ̀n. Ó kù méjì.

Belkheir, bàbá ọmọ náà, ló ni èkíní. Ará Metlili ni Belkheir, kì í ṣe ọmọ ìlú wa, ẹni jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àjàgbé ló ń wà. Ó ń kó àgùntàn láti ìlú wa lọ sí àríwá, ó sì ń kó ìyẹ̀fun àti sìmẹ́ńtì bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún mi, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀ bó ṣe yẹ fún àna, "ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi. Àjàgbé mi ń lọ lọ́la. Bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Á nà gbalaja síbẹ̀, ìyá rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò yára o, ṣùgbọ́n kò dá mi dúró lọ́nà rí."

"Kí lo kó sẹ́yìn rẹ̀?" mo bi í.

"Àgùntàn ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Ṣé o fẹ́ kó ọmọ arábìnrin mi mọ́ àgùntàn lọ sí Algiers, kí wọ́n lè rò pé ọdún iléyá ti dé?"

"Ẹ̀yìn ni wọ́n wà, Ẹ̀gbọ́n. Wọn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Òórùn wọn ńkọ́? Ṣé òun náà á gbọ́ràn, á dúró sẹ́yìn?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Belkheir náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn báyìí, ó ń rí mi lára.

Ọkọ̀ kẹta, tèmi ni. Jíìpù ni. Nígbà tí àwọn àlejò òyìnbó ṣì ń wá wo òkè wa, òun ni mo fi ń gbé wọn kiri, mo jẹun, mo sì lókìkí nídìí rẹ̀. Ìdààmú wọ ilẹ̀ wa, àwọn àlejò kò wá mọ́. Ọdún kẹta rèé tí jíìpù náà jókòó sábẹ́ igi, tí èmi náà jókòó tì í. Ojú ń tì mí. Mo fẹ́ kí ìlú tún rí mi nídìí sítíárì, kí wọ́n máa wí pé Aflan ló gbé ọmọ arábìnrin rẹ̀ dé Algiers tí wọ́n fi gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Mo ti ń gbọ́ ìyìn náà létí kí n tó wo omi inú rédíétọ̀.

Dasin yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà jù nínú wa. Èwo ni kó gùn?"

"Ọmọ arábìnrin mi, ọkọ̀ mi," mo wí. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn lọ́dọ̀ wa. Bí Belkheir bá tún sọ̀rọ̀, á dàbí ẹni tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ènìyàn.

Ó wá ku kí a fi ọkọ̀ han Kheyni. Mẹkáníìkì ni Kheyni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló bí i. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí arákùnrin bí àti ọmọ tí arábìnrin rẹ̀ bí kì í kí ara wọn bí ènìyàn. Èébú ni ìkíni wọn. Wọ́n lè jí nǹkan ara wọn, wọ́n lè purọ́ mọ́ ara wọn láwùjọ, ẹni tí inú bá bí nínú wọn ló jẹ̀bi. Lójú Belkheir tó jẹ́ àna mi, mo máa ń fa láwàní mi bo ẹnu títí dé imú. Lójú Kheyni, ó máa ń wọ́ sílẹ̀ dé àgbọ̀n, tirẹ̀ náà bẹ́ẹ̀.

Kheyni kò sì ní ìwọ̀n. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, bí a ṣe ń wọ ọgbà ilé ìyàwó, ó sáré tẹ̀lé jíìpù mi, ó ń kígbe pé nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn ti tú tán. Mo sọ̀ kalẹ̀ tòun ti agbádá funfun, mo dojú bolẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ níwájú gbogbo àna mi. Kò sí ohun tó ṣe nọ́ọ̀tì kankan. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìyá ìyàwó mi, ẹni tí n kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀, ń sunkún ẹ̀rín. Lọ́dún kejì, ó ní ejò wà lábẹ́ ìjókòó mi, mo fi ẹsẹ̀ rin kìlómítà mẹ́sàn-án wálé. Irú ẹni tí mo gbé ọkọ̀ lọ bá nìyẹn.

"Ta ló gbé òkú wá síbí?" ó kígbe bí mo ṣe wọlé. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ń mu tíì lábẹ́ bòji rẹ̀. "Itẹ́ òkú wà lápá ọ̀hún, jàre!"

"Ìwọ lòkú. Imú ẹ ló kọ́kọ́ jẹrà. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Ó ṣí i. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, ó wò ó, ó sì ké síta: "Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run! Jíìpù Aflan ti bímọ o, ó ti ń sun wàrà! Aflan, gbé igbá wá kí o fún wàrà rẹ̀, ọ̀lẹ. Ọdún mẹ́ta lo fi jókòó, ó ti wá rí ohun tí yóò máa fi bọ́ ẹ."

Àwọn onítíì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á sára. Mo wo ọ̀pá náà. Lóòótọ́, ọ́ìlì rẹ̀ ti funfun.

"Omi ti wọ inú ọ́ìlì," Kheyni ní, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Tọ́pù-gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Bí èyí bá gbé ẹ dé ìlú Arak lójú ọ̀nà, màá wọ aṣọ ìyàwó mi, màá jó yí ọjà po."

"Ṣebí o ti ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Igbá wàrà ràkúnmí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Kheyni, ó ti ń mu ún láti àárọ̀, díẹ̀ ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Mo wo igbá, mo wo ọ̀pá ọ́ìlì, mo sì rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní, eléyìí tún ti dé.

"Fi sílẹ̀ fún mi fún ọjọ́ mẹ́rin," ó ní. "Màá tú u."

"Kí n wá jókòó wo ojú burúkú ẹ fún ọjọ́ mẹ́rin? Ìgbàwo ni mo ṣẹ Ọlọ́run?"

Mo wakọ̀ padà sílé. Mo da ọ́ìlì náà nù, mo bu tuntun sí i, mo tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo tún fa ọ̀pá yọ. Ọ́ìlì mọ́ kedere. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Ṣé o rí ọmọ burúkú yẹn? Wàrà ló dà sí i." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wa ọkọ̀ fún ogún ọdún nìyẹn o, kò tilẹ̀ bi ara rẹ̀ pé kí ni ìṣẹ́jú márùn-ún lè fi hàn.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbá ní Ọjọ́bọ̀, a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fóòmù sẹ́yìn jíìpù, a gbé Raysha lé e, Dasin jókòó tì í. Mo so àpò awọ omi mẹ́rin mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Belkheir fi àjàgbé rẹ̀ sílẹ̀ fún Lakhdar àbúrò rẹ̀, pé kó kó àgùntàn tẹ̀lé wa bó bá yá, ó sì wá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá Aflan," Raysha pè mí, "ṣé lóòótọ́ ni pé yàrá kékeré wà nínú ilé ní Algiers, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá wọ inú ẹ̀, á gbé e lọ sókè láìfẹsẹ̀ rìn?"

"Lóòótọ́ ni."

"Ibẹ̀ ni màá máa gbé," ó wí.

Ìgbà yẹn ni Kheyni dé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, eruku kún sálúbàtà rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Aflan, má fi èyí gbé e. Jẹ́ kó wọ àjàgbé."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ṣé kò rẹ́rìn-ín náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi?

"Ẹ wò ó!" mo ké. "Ó jí kí oòrùn tó jí kó lè rí mi bú. Àbí ìyàwó ẹ ti lé ẹ síta ni? Wọlé lọ sùn sọ́dọ̀ ewúrẹ́ mi, akọ kan wà níbẹ̀ tó jọ ẹ́."

Raysha bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọkọ̀. Ó pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ báyẹn, tó dún, tí kò sì já lágbedeméjì. Dasin fi aṣọ bo ẹnu, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Kheyni dúró. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ arákùnrin ìyá ẹni bá búni tí a kò bú u padà, a ti ba nǹkan kan jẹ́ tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́. Ó wo ojú mi, ó wo ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín.

"Máa lọ," ó wí níkẹyìn, "ìwọ orí ràkúnmí yìí. Màá wá ṣa egungun ẹ ní Arak." Ó fi ọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ṣí ọkọ̀.

Títí di agogo mẹ́wàá, kò sí wàhálà. Ọ̀dà ọ̀nà ti fọ́ káàkiri, mò ń rọra yà fún kòtò, Raysha ń sùn. A dé ibojì Moulay Hassan. Kò sí awakọ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ tí kì í fi ọkọ̀ yí ibojì ẹni Ọlọ́run yẹn ká lẹ́ẹ̀mẹta kó tó máa lọ. Iyanrìn ibẹ̀ rọ̀, gíà kékeré ni wọ́n fi ń yí i. Ní ìyíká kejì, mo rí i tí abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì gòkè. Ní ìkẹta, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pupa.

"Ẹ̀gbọ́n," Belkheir wí, "ṣé kò sí?"

"Kò sí nǹkan. Iyanrìn ni."

Ibojì ẹni Ọlọ́run ló wà níwájú mi, mo sì purọ́. Bí a ti padà sórí ọ̀nà, mo ṣe ohun tí gbogbo awakọ̀ mọ̀. Mo ṣí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sínú ọkọ̀, kó lè fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Abẹ́rẹ́ náà rọra sọ̀ kalẹ̀. Inú mi dùn. Dókítà ní kí ooru má mú ọmọ náà. Èmi, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, mo ń fẹ́ iná sí i lára nínú oṣù kẹfà, nítorí kí àna mi má baà mọ̀ pé ọkọ̀ mi ń gbóná.

Nígbà tó ṣe, Dasin fọwọ́ kan èjìká mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń làágùn jù. Ètè rẹ̀ ń ṣú."

Mo pa ẹ̀rọ náà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí rédíétọ̀ hó, tí èéfín funfun bo gíláàsì iwájú. Mo dúró. Arak ṣì fi ọgọ́rin kìlómítà jìnnà sí wa.

Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Ó funfun. Kò sí igbá wàrà kankan nítòsí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó tẹ̀lé e bó ṣe rí gan-an, nítorí Dasin kì í sọ ọ́. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò kan dé, wọ́n ń gba Arak lọ sí ìlú In Salah, wọ́n kún bámúbámú. Awakọ̀ wọn yọrí. "Obìnrin àti ọmọ lè há sí iwájú níbí," ó ní. "Ẹ̀yin ọkùnrin á dúró."

Belkheir wò mí. Dasin wò mí. Wọn kò mọ ẹ́ńjìnnì, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ní kí wọ́n lọ, mo ti gbà nìyẹn pé òkú ọkọ̀ ni mo gbé ọmọ sí, àti pé òótọ́ ni Kheyni sọ lójú àwọn onítíì.

"Ẹ máa lọ, ẹ ṣeun," mo wí fún awakọ̀ náà. "Omi ló gbẹ. Láàrin wákàtí kan, a ó bá yín ní Arak."

"Ó dá ẹ lójú, ọ̀gá?"

"Ó dá mi lójú."

Wọ́n lọ. Mo da àpò omi méjì sínú rédíétọ̀, mo dúró kí ó tutù, mo tún da ìkẹta. Ẹ́ńjìnnì jí. Ó gbé wa rin kìlómítà mẹ́sàn-án, ó dún gbàgà lẹ́ẹ̀kan, ó nọ́ọ̀kì. Kò sí àtúnṣe kankan nílé ayé tó lè gbé e kúrò níbi tó dúró sí. Àpò omi kan ló kù fún ènìyàn mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn ni atẹ́gùn gbéra. Ó gbé iyanrìn dìde títí a kò fi rí etí ọ̀nà mọ́, gbogbo ọkọ̀ sì dúró síbi tó wà.

A fi aṣọ dí fèrèsé. Dasin ń fi omi pa ọmọ náà lórí. Belkheir ń ka Kùránì jẹ́jẹ́. Èmi jókòó nídìí sítíárì, mo dì í mú, bí ẹni pé mo ń lọ síbì kan.

"Bàbá Aflan," Raysha pè. Ohùn rẹ̀ ti kéré gan-an. "Kheyni ní òun á wá ṣa egungun yín ní Arak. Ṣé eré ló ń ṣe?"

"Eré ni, ọmọ mi."

"Mo mọ̀," ó wí. "Ó máa ń ṣeré jù."

Lẹ́yìn Àílà, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń mí, ó sinmi, ó tún mí. Mo ń ka èémí rẹ̀ nínú dígí tí mo fi ń wo ẹ̀yìn. Mo fẹ́ kú. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè ṣàánú mi. Ó wù mí kí n kú nígbà yẹn kí ẹnì kan lè gba sítíárì lọ́wọ́ mi.

Ní Àlàásárì ni iná ọkọ̀ ńlá kan yọ nínú eruku. Àjàgbé Belkheir ni. Lakhdar ti kúrò ní Tamanrasset ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn wa. Kò dúró, kò gbóná, ó ń rá pálá bọ̀ nínú atẹ́gùn pẹ̀lú àgùntàn ogójì lẹ́yìn. Wọ́n gbé Raysha sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn ìjókòó. Èmi ni mo gbé e gòkè, nítorí náà mo mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì mímọ́ ni, ibẹ̀ tutù, ìrọ̀rí méjì wà. Òórùn àgùntàn kò dé ibẹ̀ rárá.

Ìjókòó iwájú kò gba gbogbo wa. Mo ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, mo sì gun ẹ̀yìn lọ sáàrin àgùntàn. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí a kọjá Arak. Mo rí àwọn àpáta rẹ̀, mo rántí Kheyni àti aṣọ ìyàwó rẹ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí àjàgbé dúró. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, mo gbọ́ ẹsẹ̀ Belkheir lórí òkúta.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí láti ìsàlẹ̀, "ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ wa ti lọ."

In Salah ni a sin ín sí, ní ọjọ́ Jímọ̀.

Nígbà tí a padà délé, gbogbo ìlú wá kí wa. Bí wọ́n bá bi Dasin bó ṣe ṣẹlẹ̀, ohun kan náà ló ń sọ: "Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e. Kò sí ẹlòmíràn tó yẹ kó gbé e." Kò wí pé mo lé àwọn oníṣòwò lọ. Belkheir náà kò wí bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí wọ́n fi pàṣán nà mí láàrin ọjà ju kí wọ́n máa bò mí láṣìírí báyẹn lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Kheyni wọlé. Mo ti ń retí rẹ̀. Mo ti sọ láwàní mi sílẹ̀ dé àgbọ̀n, mo sì ti pinnu pé ohunkóhun tó bá pè mí, apànìyàn, òmùgọ̀, ajá, màá gbà á. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó fa láwàní tirẹ̀ gòkè, ó bo ẹnu, ó bo imú, ojú rẹ̀ nìkan ló kù síta. Ó wá, ó jókòó jìnnà díẹ̀ sí mi.

"Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ ọmọ náà. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Ó mu tíì mẹ́ta, bí àlejò ṣe ń mu ún, ó dìde, ó sì lọ.

Ó di ọdún méjì lẹ́yìn náà kí Dasin tó ní òun fẹ́ lọ wo ibojì. Ó wá bá mi lójú oòrùn, ó dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé mi lọ." Inú rẹ̀ ló ti wá, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi dá mi lóró. Mo yá ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ládùúgbò, mo yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀ fún ọjọ́ méjì, n kò sì gba ojú ara mi gbọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Kheyni.

Àwọn onítíì wà níbẹ̀. Kheyni fa láwàní rẹ̀ gòkè dé ojú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀ pẹ́, ó fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó dá a padà.

"Báwo ló ṣe rí?" mo bi í.

"Ó dára, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kheyni, Dasin ni mo fẹ́ gbé. Sọ bó ṣe rí fún mi."

"Ó dára, ẹ̀gbọ́n mi. Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ, á ṣọ́ yín bọ̀."

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún àna mi nìyẹn níbi ibojì Moulay Hassan: kò sí nǹkan. Mo sún mọ́ ọn. Mo fa láwàní mi wálẹ̀ lójú gbogbo wọn títí àgbọ̀n mi fi yọ síta.

"Bú mi," mo wí. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Ní òkú ọkọ̀ ni. Ní òmùgọ̀ ni mí. Sọ ọ̀kan péré."

Ó wo ilẹ̀. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún títí ó fi mọ́, kò sì dáwọ́ dúró.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí. "Ta ni mo jẹ́ tí màá bú yín?"

Mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé Belkheir, mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún Dasin ní àyè lórí bẹ́ẹ̀dì àjàgbé. Ó gbé mi dìde, ó ní kò tó nǹkan tí mò ń kúnlẹ̀ fún. Ó bi mí bóyá èmi náà ń lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bí àyè bá wà lẹ́yìn.